Igi Ìdáná: Ká Jẹ Èlé, Ká Má Jẹ Ojú Owó

Ọ̀rọ̀ igi ìdáná ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé ó wà lára ohun tí a ó dìbò lé lórí ní ìpàdé gbogboògbò tó ń bọ̀. Ìbéèrè náà nìyí: ṣé kí ẹgbẹ́ gba ilẹ̀, ká gbin igi síbẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi iná ṣòwò máa rí i gé lò, àbí kí kálukú máa ra igi tirẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ bí a ti ń ṣe bọ̀? Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ lọ da owó sínú igbó. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò lòdì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ gan-an.

Ẹ wo iye àwọn tí iná ń bọ́ láàárín wa. Àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn oníbúrẹ́dì tó ń lo ààrò amọ̀, àwọn tó ń se ẹyìn fún epo pupa, àwọn olóúnjẹ tó ń gbé ìkòkò ńlá kaná kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni gbogbo wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó ọkọ̀ lọ sókè, owó gáàsì náà tẹ̀ lé e, kẹrosíìnì sì ti di ohun olówó ṣáájú ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé tó ti gbàgbé ààrò ló tún padà sídìí igi àti èédú. Bí àwọn tó ń ra igi ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé e wá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ìyá kan nínú ẹ̀ka wa tó ń yan gàrí sọ fún mi pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹ̀yìnkùlé abà ni òun ti ń ṣẹ́ igi. Nísinsìnyí, owó igi ni òun kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀ kí òun tó ra ẹ̀gẹ́.

Níbi ìpàdé ẹ̀ka, ohùn méjì ló dìde. Àwọn kan, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, ní ẹni tó bá ń fi igi dáná ń ba ayé jẹ́, pé kí ìjọba fi òfin dè é. Àwọn àgbà kan sì ní igbó kì í tán, pé Ọlọ́run ló ń gbìn ín. Èmi ò bá ọ̀kankan lọ nínú méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ fi òfin de igi, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí wọn yóò fi yan gàrí. Ẹni tó ní igbó kì í tán, kó mú mi gba ọ̀nà oko tí bàbá rẹ̀ ń gbà lọ, kó wá fi igbó hàn mí.

Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú owó àti èlé. Ẹni tó fi owó pamọ́, tó ń jẹ èlé orí rẹ̀ lọ́dọọdún, ojú owó rẹ̀ kò dín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bù nínú ojú owó, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó, ọjọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kan ìsàlẹ̀ àpò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igbó rí. Igi tí igbó ń fi kún ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, èlé nìyẹn. Bí a bá gé ìwọ̀n yẹn, igbó wà síbẹ̀. Bí a bá gé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú owó la ń jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń sọ̀rọ̀ èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ohun tí igi ń tú sínú afẹ́fẹ́ nígbà tó ń jó, inú afẹ́fẹ́ náà ló ti fà á nígbà tó ń dàgbà. Bí òmíràn bá hù rọ́pò rẹ̀, yóò tún fà á padà. Bí òmíràn kò bá hù, gbèsè ni.

Ohun tó wà nínú kùkùté

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan kọ́ ló ní irú ẹ̀bùn yìí. Igi gmelina tí àwọn ará oko ń pè ní mẹ̀líínà ní in, tíìkì ní in, kásíà ní in, agunmániyẹ́ tí àwọn bàbá wa ń gbìn sáàárín kòkó fún ibòòji náà ní in. Bí ẹ bá gé wọn dáadáa, kùkùté yóò yọ èéhù. Nítorí pé gbòǹgbò ti wà nílẹ̀, tó ti mọ ibi tí omi wà, èéhù yẹn máa ń yára ga ju igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ. Lẹ́yìn ọdún bíi 5 sí 8, ó ti tó gé. Ẹ tún gé e, yóò tún hù.

Ṣùgbọ́n gígé ní ọ̀nà. Kì í ṣe kí ènìyàn fi àdá tó kú já a bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Ayùn tàbí àdá mímú ni ká lò. Ká gé e sún mọ́ ilẹ̀, kó má ga ju ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan tàbí méjì lọ, kí ojú rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀ kó jẹrà. Kí èèpo má ya kúrò lára igi, nítorí pé abẹ́ èèpo yẹn gan-an ni èéhù ti ń yọ. Ìgbà tó dára jù ni ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ lè bá kùkùté náà lójú ọ̀nà. Èéhù lè yọ mẹ́wàá lára kùkùté kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ yan ọ̀kan tàbí méjì tó le jù lọ, ẹ gé ìyókù fún ewúrẹ́ tàbí fún igi ẹ̀wà. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pá ni yóò kó, kò ní kó igi.

Kò sì yẹ kí n tàn yín: kì í ṣe gbogbo igi ló ń ṣe báyìí. Páìnì kì í hù padà. Akéṣíà tó pọ̀ ní etí òkun kì í fẹ́ hù dáadáa láti ara kùkùté. Hóró rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbára lé. Èyí tó ń hù náà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí a bá ti gé e bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, àwọn kùkùté kan yóò ti kú, a ó sì ní láti fi igi tuntun dí àyè wọn.

Ètò tí ìgbìmọ̀ ní lọ́kàn dà bí èsúsú. Ká ní a gba ééká 6. A pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, a ń gbin ééká kan lọ́dún kan. Ní ọdún keje, ééká àkọ́kọ́ ni yóò kó, ní ọdún kẹjọ, èkejì, títí yóò fi kárí. Nígbà tí ẹ̀kẹfà bá kó tán, ti àkọ́kọ́ ti gbó padà. Bí àlàfo àárín igi kan sí èkejì bá jẹ́ mítà 2 ní gbogbo ọ̀nà, nǹkan bí igi 1,000 ni yóò wọ ééká kan.

Èló ni a lè rí níbẹ̀? Lórí ilẹ̀ tó dára, hẹ́kítà kan gmelina, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ééká méjì àbọ̀, lè fi igi tó kún inú àpótí 20 kún ara rẹ̀ lọ́dún kan, bí gígùn àpótí kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí gíga rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà kan. Lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti mu gbẹ, ó lè má tó ìdajì ìyẹn. Nítorí náà, ééká kan tó pé ọdún mẹ́fà lè fún wa ní bí àpótí 48 tàbí 24. Èmi ní tèmi, 24 ni mo kọ sínú ìwé ìṣirò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gbóríyìn fún mi. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹjọ́.

Ohun tí àwọn tó ṣáájú wa rí

Igi gbígbìn kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ wa. Igbó ìjọba Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ti wà láti 1899. Ó wà lára àwọn igbó tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ibẹ̀ sì ni àwọn onígbó ìgbà yẹn ti ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbin igi mọ̀. Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ ọ̀dàn kan sí mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun apá kìíní lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ tán. Wọ́n ń sun apá kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n fi máa wò ó lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún, apá tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko pẹ̀lú igi díẹ̀díẹ̀. Apá tí iná kò dé ti di igbó kìjikìji. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ọdẹ wa tó ń dáná sun igbó nítorí òkété kan, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á. Iná oṣù kejì àti oṣù kẹta, òun ló ń pa èéhù. Bí a bá gba ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òjò ọdọọdún ni ká ro àyíká rẹ̀ mọ́ dáadáa, kó fẹ̀ tó bíi mítà 5 sí 10, kí iná tó bá ń bọ̀ lè rí ibi tí yóò kú sí.

Ní igbó ìjọba Ọmọ, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ gbọọrọ ni wọ́n gbin gmelina sí. Kì í ṣe nítorí igi ìdáná. Wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà ní ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìwòpin. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti lérò, igi sì ti dàgbà, ó ń dúró de oníbàárà tí kò wá. Ohun tí èmi rí kọ́ nínú èyí ni pé oníbàárà ni ká kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó gbin igi. Tiwa yàtọ̀, nítorí pé àwọn tó máa ra igi yìí ló máa dìbò lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbin púpọ̀ nínú àwọn igi bẹ́ẹ̀ náà yẹ ká wò. Ọ̀rọ̀ ará Bọ́mà ni wọ́n fi ń pè é, taungya. Wọ́n á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ìjọba, yóò gbin àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ sáàárín igi kéékèèké fún ọdún 2 tàbí 3, títí ibòòji igi yóò fi bo ilẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ro oko rẹ̀, ó ń bá igi náà ro ó. Àgbẹ̀ jẹun, igi dàgbà. Àléébù rẹ̀ ni pé igi kì í ṣe ti àgbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọkọ́ pa igi kí wọ́n lè pẹ́ lórí ilẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fi àgbàdo sáàárín igi ní ọdún méjì àkọ́kọ́, tí mo sì rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ro ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú igi.

Bóyá ẹnì kan yóò ní kékeré ni gbogbo èyí, pé igi gbígbìn kò lè bọ́ ìlú ńlá. Ìlú Addis Ababa ní Etiópíà ti dáhùn ìyẹn láti ìgbà pípẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn ọba ibẹ̀ máa ń kó ààfin wọn kúrò níbi tí igi ìdáná bá ti tán. Nígbà tí Ọba Menelik Kejì dá Addis Ababa sílẹ̀ ní 1886, kò pẹ́ tí igi àyíká ibẹ̀ náà fi ń tán, àwọn ènìyàn sì ti ń sọ̀rọ̀ à-ń-kó-lọ. Ní bíi 1895 ni wọ́n mú irúgbìn igi eucalyptus dé láti ìlú òkèèrè. Igi yìí ń yára dàgbà, bí a bá gé e ó ń hù láti ara kùkùté, wọ́n sì gbìn ín yí ìlú ká. Ìlú kò kó lọ mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn obìnrin ń ru igi yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Entoto wá tà láàárín ìlú. Eucalyptus ní àléébù tirẹ̀ o. Ó ń mu omi púpọ̀, ohun ọ̀gbìn kì í fẹ́ ṣe dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sì ní gbà wá níyànjú pé ká gbìn ín sí ẹ̀bá odò tí à ń mu.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ gbin akéṣíà púpọ̀ fún igi ìdáná àwọn ará Kútọnu àti àyíká rẹ̀. Àwọn tó ń ná ọjà láàárín wa àti ọ̀hún ti rí oko igi bẹ́ẹ̀. Igi lórí ìdúró ni àgbẹ̀ sábà máa ń tà, ẹni tó rà á ni yóò gé e. Ìyẹn dín wàhálà kù fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé igi tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í bìkítà fún kùkùté.

Ẹ má ra omi

Yálà ìbò náà wọlé tàbí kò wọlé, nǹkan kan wà tí olúkúlùkù lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ omi ni. Bí ẹ bá ra 100 kílò igi tútù, ẹ ti ra nǹkan bí 50 kílò omi, ẹ tún ti san owó ọkọ̀ fún un. Nígbà tí ẹ bá fi sínú ààrò, iná yóò kọ́kọ́ lé omi yẹn lọ kó tó gbọ́ ti ìkòkò yín. Kílò kan igi tútù kò lè ṣe ju nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tí kílò kan igi gbígbẹ ń ṣe. Èéfín tó ń ta ẹ̀yin ìyá wa lójú, tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn, igi tútù ló ń mú kó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná owó. Ẹ la igi náà, nítorí pé èèpo kì í jẹ́ kí omi jáde. Ẹ gbé ọ̀pá méjì sílẹ̀, kí igi má fara kan ilẹ̀, ẹ tò ó sórí wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀. Ẹ fi páànù bo orí rẹ̀ nìkan, ẹ má bo ẹ̀gbẹ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bíi oṣù mẹ́ta ti tó fún igi tí kò ki. Bí ẹ bá fi méjì lu ara wọn tó dún gbànhùn-gbànhùn, ó ti gbẹ. Bó bá dún bọ̀tìbọ̀tì, ẹ dá a padà sí ààyè rẹ̀. Oníbúrẹ́dì tó bá lè ra igi òjò kó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò jó o, yóò rí i nínú ìwé owó rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó fún yín nínú ọkọ̀. Nínú òkìtì igi tí a tò dáadáa, bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan afẹ́fẹ́ ni. Bí igi bá wọ́, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń sọ pé igi wọ́rọ́kọ́ ló ń da iná rú. Ó ń da ìṣirò náà rú. Igi tó hù láti ara kùkùté sábà máa ń gùn gbọọrọ, ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èkejì lọ. Bí ẹ bá rí igi tí wọ́n là láti ara ìtì ńlá, ẹ bi ọlọ́kọ̀ léèrè ibi tó ti gé e àti ìwé àṣẹ tó fi gé e. Igi tí wọ́n jí gé nínú igbó ìjọba, bí àwọn olùṣọ́ igbó bá gbá a mú lójú ọ̀nà, owó tí ẹ ti san sílẹ̀ lọ nìyẹn.

Èédú ńkọ́? N kò ní sọ púpọ̀. Èédú kò ní èéfín, ó rọrùn gbé, ará ìlú fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú 100 kílò igi, èédú tí a ń rí nínú ebè amọ̀ tí à ń lò kì í ju bíi 10 sí 20 kílò lọ, ohun tó ju ìdajì ooru igi náà lọ sì ti bá èéfín lọ kí èédú tó dé ọjà. Ní Òkè Ògùn, àyin, apá, àti igi òrí pàápàá ni wọ́n ń sun. Ẹni tó sun igi òrí ti sun òrí tí ìyàwó rẹ̀ ì bá máa tà lọ́dọọdún títí ọjọ́ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ irúgbìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi tó máa pẹ́ ti sọ nǹkan nípa ilẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, onílẹ̀ yóò ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Onílẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ló jẹ́ pé igi ni ẹlẹ́rìí. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀, síbẹ̀ ẹbí ni gbogbo wa ṣì ń lọ bá bí a bá ń wá oko.

Nítorí náà, bí a bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, ìwé gbọ́dọ̀ wà, kó sì sọ ọ́ yanjú: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, igi jẹ́ ti ẹgbẹ́. Kó sọ iye ọdún. Ìgbìmọ̀ ń wo ọdún 20, kí a lè gé e dé ẹ̀ẹ̀kẹta lórí apá àkọ́kọ́. Kó sọ ẹni tó ni kùkùté ní ọjọ́ tí ọdún bá pé. Èmi rò pé ẹbí ni kó ni ín, nítorí pé ìyẹn yóò jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣọ́ ọ. Kó sọ bóyá owó ni ìṣákọ́lẹ̀ tàbí igi. Olórí ẹbí nìkan kò tó láti fọwọ́ sí i; kí àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú, lójú agbẹjọ́rò, kí sọ̀fẹ́yọ̀ sì ti wọn ilẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìnáwó ti pọ̀ jù. Ìnáwó ẹjọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì ni ká lọ bá àwọn onígbó ìjọba ìpínlẹ̀, ká bèèrè ilẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ti gé tán. Ó ní àǹfààní, ẹbí kan kò ní bá wa jà. Ṣùgbọ́n ìjọba lè yí padà, ètò sì lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ àlàyé méjèèjì ní ìpàdé.

Ní ti owó: a kò ní fọwọ́ kan owó tí ẹ fi pamọ́, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí àwọn tó bá fẹ́ ra ìpín igi lọ́tọ̀, kí ìwé rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ra ìpín yóò máa ra igi ní iye tí kò tó ti ọjà, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni a ó tà fún àwọn mìíràn. Fún ọdún mẹ́fà, kò sí igi, kò sí owó. Àgbàdo nìkan ni yóò máa jáde. Iná lè jó o, màlúù lè jẹ ẹ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ewé gmelina. Ẹni tí kò bá lè dúró ọdún mẹ́fà, kó má ra á, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ bi mí pé, “Akọ̀wé, lọ́jọ́ orí mi yìí, ta ni yóò fi igi yẹn se oúnjẹ fún mi?” Mo ní kí bàbá wo igi kòkó tó fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé, kó sọ ẹni tó gbìn ín fún mi. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn kò ní kí àwọn má dìbò lòdì. Òtítọ́ ni, ìbò ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá mọ ẹbí tó ní ilẹ̀ tó fẹ́ yá ẹgbẹ́, kó wá kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ṣáájú ìpàdé. Èso gmelina máa ń jábọ́ láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Ẹ ṣa èyí tó pọ́n, ẹ bó ara rẹ̀, ẹ fọ kóró rẹ̀, ẹ sá a, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa nínú àpò. Bí ẹ bá sì ní agunmániyẹ́ lóko, ẹ má wá hóró rẹ̀ kiri: ẹ̀ka tó tó ọwọ́ ọmọdé, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan, ni kí ẹ gé, ká gún un mọ́lẹ̀ yí ilẹ̀ ká bí òjò bá ti dá sílẹ̀.